Orí Sáfà Wo Ni Ọwọ́ Yín Wà?

Ẹni tó bá ń bá ilé ẹ̀kọ́ tàbí ibi ìdánwò ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Ibafo, Mowe tàbí Ifo á mọ irú sáfà tí mò ń wí: tòkunbọ̀ láti Computer Village n'Ìkẹjà, Dell PowerEdge tàbí HP ProLiant, tó ń ké bí ẹ̀rọ ìlọta nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn án. Ẹ ki fláàṣì bọ̀ ọ́, ẹ fẹ́ fi Windows Server sí i. Ó dé ibi tó ti yẹ kó fi díìsìkì hàn yín, òfìfo ni.

Díìsìkì kò kú o. Ẹ̀yìn káàdì RAID, èyí tó ń so àwọn díìsìkì pọ̀, ló wà, Windows ni kò dá káàdì náà mọ̀. Ẹ fún un ní dráífà rẹ̀, díìsìkì á yọjú. Nígbà mìíràn, sáfà ló ti gbó jù: bí ẹ bá fẹ́ fi Linux sí i, Red Hat Enterprise Linux 8 tó jáde ní 2019 ti pa ọ̀pọ̀ káàdì àtijọ́ tì. Ẹni tí kò mọ èyí á wọ inú ètò káàdì lọ, á máa pa nǹkan rẹ́. Bí díìsìkì bá ti inú sáfà mìíràn wá, Dell á kọ "Foreign" síwájú rẹ̀. Import á gbà á wọlé bó ṣe wà. Clear á pa ètò RAID orí rẹ̀ rẹ́. Clear ni ọwọ́ ẹni tó ń kánjú máa ń lọ bá.

Kì í ṣe ọmọṣẹ́ nìkan ni irú àṣìṣe yìí ń ṣẹlẹ̀ sí. Lálẹ́ ọjọ́ 31 oṣù Kìn-ín-ní, 2017, ẹnjiníà kan ní GitLab, níbi tí àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà káàkiri ayé ń kó iṣẹ́ wọn sí, ń tún sáfà kejì ṣe, èyí tó yẹ kó máa ṣe ẹ̀dà ti àkọ́kọ́. Ilẹ̀ ti ṣú, iṣẹ́ ò lójú. Ó ní kóun kúkú pa gbogbo ohun tó wà lórí ìkejì rẹ́, kóun bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Ó tẹ àṣẹ. Kò pé ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan tó fi rí i pé orí àkọ́kọ́ lòun wà. Ó dá a dúró, ṣùgbọ́n ẹ̀pa ò bóró mọ́: nínú nǹkan bí 300 GB, 4.5 GB ló kù.

Wọ́n sáré lọ síbi tí wọ́n ń kó ẹ̀dà ojoojúmọ́ sí lórí Amazon. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. PostgreSQL 9.2 ló ń ṣe ẹ̀dà, 9.6 ló wà lórí sáfà, àwọn méjèèjì ò bára mu. Ètò náà ń fi ímeèlì kéde pé òun kùnà, ímeèlì ọ̀hún ò dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ibí yìí ló dùn mí jù nínú ìtàn náà.

Ẹ̀dà kan tí ẹnjiníà yìí kan náà fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ní nǹkan bí wákàtí mẹ́fà ṣáájú, nítorí iṣẹ́ mìíràn, ló kó wọn yọ. Síbẹ̀, ó tó wákàtí 18 kí wọ́n tó padà sẹ́nu iṣẹ́, gbogbo ayé ń wò wọ́n lórí YouTube. Àkọsílẹ̀ àwọn aṣàmúlò tuntun bíi 700 wà lára ohun tó ṣègbé.

Lára àtúnṣe tí wọ́n là sílẹ̀ ni pé kí ojú ìkọ̀wé sáfà kọ̀ọ̀kan yàtọ̀, kí ẹni tó jókòó síbẹ̀ mọ èyí tó wà lórí rẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, bébà àti gọ́ọ̀mù tó o. Ẹ lẹ orúkọ mọ́ iwájú sáfà. Ẹ pa á, ẹ fa díìsìkì tó lẹ́rù lórí yọ, ẹ kọ nọ́ńbà ihò rẹ̀ sí i lára, kí ẹ tó ki fláàṣì bọ̀ ọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ni ilé ẹ̀kọ́ náà, ẹ ní kí ẹni tó ń bá yín ṣe kọ̀ǹpútà ṣí ẹ̀dà tó ṣe fún yín lórí ẹ̀rọ mìíràn, lójú yín, kí ẹ tó san ìyókù owó rẹ̀.