Ìfẹ́ Ọlọ́run àti Ìbò Ènìyàn: Peter Cartwright nínú Ìdìbò Ọdún 1846

Ìbéèrè kan wà tí àwọn onígbàgbọ́ kì í sábà bi ara wọn kí wọ́n tó dìbò, ṣùgbọ́n tí ó máa ń dé bá ẹni tó bá pàdánù lẹ́yìn tí wọ́n bá ka ìbò tán: bí ẹni tó gbà pé Ọlọ́run ló pe òun bá jáde du ipò, tí àwọn ènìyàn sì kọ̀ ọ́, ta ló sọ̀rọ̀ nínú kíkọ̀ náà, ṣé àwọn ènìyàn ni tàbí Ọlọ́run? Ẹni tó wọlé kì í rí ìbéèrè yìí rò, nítorí pé ọpẹ́ ni yóò máa dú. Ẹni tó fìdí rẹmi ni yóò máa wá ìdáhùn. Ọ̀kan nínú àwọn ibi tí ìbéèrè náà ti hàn kedere ni ìdíje fún ipò ní Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì, èyíinì ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ ti orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, tó wáyé ní ìpínlẹ̀ Illinois ní ọdún 1846, níbi tí Peter Cartwright, oníwàásù ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, ti dojú kọ agbẹjọ́rò kan tí kò sí nínú ìjọ kankan, Abraham Lincoln, tí ó sì pàdánù. Àwọn òpìtàn sábà máa ń ka ìdìbò náà sí ìgbésẹ̀ kékeré kan lórí ọ̀nà tí Lincoln gbà di ààrẹ, ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ ẹni tó fìdí rẹmi ni ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn tó wà nínú rẹ̀ ti jinlẹ̀ jù lọ.

Ìpínlẹ̀ Virginia ni wọ́n ti bí Cartwright ní ọdún 1785, ìpínlẹ̀ Kentucky ló sì ti dàgbà, ní àkókò tí ìsọjí ńlá ń ràn káàkiri agbègbè náà bí iná ọyẹ́. Inú ìsọjí yẹn ni ó ti yí padà ní ọdún 1801, nígbà tí kò tíì pé ogún ọdún. Bíṣọ́ọ̀bù Francis Asbury sì fi í joyè díákónì ní ọdún 1806. Iṣẹ́ oníwàásù arìnrìn-àjò ni ó ṣe, èyí tí ó túmọ̀ sí pé kò ní ìjọ kan ṣoṣo tó jókòó tì, bí kò ṣe pé ó ń gun ẹṣin láti abúlé dé abúlé, tí ó ń wàásù nínú ilé, nínú abà àti lábẹ́ igi. Nígbà tó yá, wọ́n sọ ọ́ di alàgbà alábòójútó, èyíinì ni ẹni tó ń darí àwọn oníwàásù gbogbo ẹkùn kan. Ní ọdún 1824, ó kó ìdílé rẹ̀ kúrò ní Kentucky lọ sí agbègbè Sangamon ní Illinois, ara ìdí tí ó sì fi ṣe bẹ́ẹ̀ ni pé kò fẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ̀ dàgbà sí ilẹ̀ tí wọ́n ti ń kó ènìyàn lẹ́rú. Kì í ṣe àlejò nínú òṣèlú. Àwọn ará Sangamon ti yàn án sí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ ní ọdún 1828 àti ní 1832, ìdìbò ọdún 1832 yìí sì ni ọ̀dọ́mọkùnrin Lincoln kọ́kọ́ jáde fún, tí ó ṣe ipò kẹjọ nínú àwọn olùdíje mẹ́tàlá, nígbà tí àwọn mẹ́rin àkọ́kọ́ nìkan ló wọlé, tí Cartwright sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

Ní ti òfin, kò sí ohun tó dí i lọ́wọ́. Abala kẹfà ìwé òfin Amẹ́ríkà, tí wọ́n kọ ní ọdún 1787, kọ̀ jálẹ̀ pé a kò gbọdọ̀ fi ẹ̀sìn dán ẹnikẹ́ni wò kí ó tó dé ipò kankan lábẹ́ ìjọba àpapọ̀. Àwọn ìpínlẹ̀ kan ṣe ti wọn lọ́tọ̀: New York nínú ìwé òfin rẹ̀ ti ọdún 1777 àti Tennessee nínú ti 1796 kò gba àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run láàyè nínú ilé aṣòfin wọn, wọ́n ní iṣẹ́ ìtọ́jú ọkàn tóbi ju ohun tí ó yẹ kí wọ́n tìtorí òṣèlú pa tì, òfin Tennessee sì wà níbẹ̀ títí di ọdún 1978 tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fi wọ́gi lé e. Ọ̀rọ̀ àpọ́nlé ni wọ́n fi bo òfin bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ìbẹ̀rù pé ẹni tó ní agbára lórí ẹ̀rí-ọkàn àwọn ènìyàn kò gbọdọ̀ tún ní agbára lórí òfin wọn. Ìbẹ̀rù yìí kì í ṣe asán ní Illinois ní ọdún 1846, nítorí pé àwọn olùdìbò kì í tẹ ìka níbẹ̀, wọn kì í sì í ju ìwé sínú àpótí. Ẹnu ni wọ́n fi ń dìbò. Olùdìbò yóò dúró níwájú àwọn akọ̀wé, yóò pe orúkọ ẹni tí ó yàn sókè, wọn yóò sì kọ ọ́ sínú ìwé. Ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì tí kò bá fẹ́ Cartwright ní láti sọ bẹ́ẹ̀ lójú gbogbo ará abúlé, títí kan àwọn tí wọ́n jọ ń gba ara Olúwa.

Ẹgbẹ́ Democrat ló fa Cartwright kalẹ̀, ẹgbẹ́ Whig tó jẹ́ alátakò wọn nígbà náà fa Lincoln kalẹ̀, ẹgbẹ́ Liberty, ẹgbẹ́ kékeré tó ń bá ìkónilẹ́rú jà, sì fa Elihu Walcott kalẹ̀. Ẹ̀sùn tó gbòde ni pé aláìgbàgbọ́ ni Lincoln. Kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gbọ́ irú rẹ̀, nítorí pé ní ọdún 1843, nígbà tí ó wá ipò yìí kan náà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ kò sì fà á kalẹ̀, ó ráhùn nínú lẹ́tà kan pé àwọn kan ń sọ pé kò yẹ kí Kristẹni kankan tẹ̀lé òun nítorí pé òun kò sí nínú ìjọ kankan. Ní 1846, ó sọ pé Cartwright fúnra rẹ̀ ló ń sọ ọ̀rọ̀ náà wúyẹ́wúyẹ́ ní àwọn agbègbè kan. Ìtàn kan wà tí àwọn ènìyàn fẹ́ràn láti máa pa, pé Lincoln wọ ibi ìsọjí Cartwright, tí oníwàásù náà sì bi í bóyá ọ̀run rere tàbí ọ̀run àpáàdì ni ó ń lọ, tí ó sì fèsì pé Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì ni òun ń lọ. Ó dùn-ún gbọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rí rẹ̀ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ohun tí Lincoln sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ wúlò jù ú lọ.

Ohun tí ó kọ ni ìwé ìléwọ́ kan tí ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀ jẹ́ 31 oṣù Keje, ọjọ́ mẹ́ta péré ṣáájú ìdìbò. Ó jẹ́wọ́ níbẹ̀ pé òtítọ́ ni pé òun kì í ṣe ọmọ ìjọ kankan, ṣùgbọ́n ó ní òun kò sẹ́ òtítọ́ Ìwé Mímọ́ rí, òun kò sì mọ̀ọ́mọ̀ sọ̀rọ̀ àrífín sí ẹ̀sìn. Ó fi kún un pé nígbà kan rí, ọkàn òun fà sí ẹ̀kọ́ tí a lè pè ní ẹ̀kọ́ kò-lè-ṣàìrí-bẹ́ẹ̀, èyí tó ń kọ́ni pé agbára kan tí ènìyàn kò lè darí ló ń ti ọkàn rẹ̀ ṣe nǹkan tàbí tó ń dá a dúró. Òun ti bá ènìyàn bíi mélòó kan jiyàn lórí rẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀, ṣùgbọ́n ó ti lé ní ọdún márùn-ún tí òun ti fi irú àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, àwọn ìjọ Kristẹni kan pàápàá sì gba irú ẹ̀kọ́ náà gbọ́.

Gbólóhùn ìkẹyìn yìí ló gbé ọ̀rọ̀ kúrò ní ahesọ olóṣèlú, tí ó sì sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ìmọ̀ Ọlọ́run. Òótọ́ ni Lincoln sọ. Ẹ̀kọ́ àyànmọ́, pé Ọlọ́run ti pinnu ohun gbogbo àti ẹni tí yóò là kí ayé tó wà, ni ọ̀pọ̀ ìjọ Presbyterian àti àwọn Onítẹ̀bọmi kan ń kọ́ni ní àkókò náà. Inú irú ìjọ Onítẹ̀bọmi bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn òbí Lincoln wà. Ẹ̀kọ́ yìí gan-an ni Cartwright fi gbogbo ayé rẹ̀ bá jà. Àwọn Mẹ́tọ́díìsì, gẹ́gẹ́ bí John Wesley ti kọ́ wọn, gbà pé Ọlọ́run nawọ́ oore-ọ̀fẹ́ sí gbogbo ènìyàn, pé ènìyàn lè gbà á, ó sì lè kọ̀ ọ́, àti pé ẹni tó ti gbà á pàápàá lè padà ṣubú. Nítorí náà, ìdíje láàárín òmìnira ìfẹ́-inú àti àyànmọ́ ló wà lábẹ́ ìdíje láàárín Democrat àti Whig, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bóyá ni olùdìbò kan wà tó rò ó bẹ́ẹ̀.

Bí a bá wá gbé ìyọrísí ìdìbò náà lé orí ẹ̀kọ́ méjèèjì, ohun tí a ó rí yani lẹ́nu. Gẹ́gẹ́ bí ìwàásù Cartwright fúnra rẹ̀, Ọlọ́run kì í fi ipá tẹ ìfẹ́ ènìyàn nínú ọ̀rọ̀ ìgbàlà tó tóbi jù lọ. Báwo ni yóò ṣe wá fi ipá tẹ ẹ́ nínú ọ̀rọ̀ ẹni tí yóò lọ ṣòfin? Ẹni tó ń kọ́ni pé ènìyàn lè kọ ìhìn rere kò lè ṣàìgbà pé ènìyàn lè kọ oníwàásù ìhìn rere. Kò lè tu ara rẹ̀ nínú pé Ọlọ́run ló fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, kò sì yẹ kí ó bẹ̀rù pé Ọlọ́run ló kọ òun. Ní ọwọ́ kejì, bí ẹ̀kọ́ kò-lè-ṣàìrí-bẹ́ẹ̀ bá jẹ́ òótọ́, àwọn olùdìbò kò lè ṣe ju ohun tí wọ́n ṣe lọ, nítorí náà kò sí ohun tí ẹni tó wọlé lè fi yangàn. Ẹni tó ń sọ ahesọ náà kò sì lè ṣàìsọ ọ́, ẹ̀bi kankan kò sì lè dúró lórí rẹ̀. Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ níhìn-ín ni pé àwọn ènìyàn máa ń fò láti orí pé nǹkan kan kò lè ṣàìṣẹlẹ̀ lọ sórí pé Ọlọ́run fọwọ́ sí i. Àwọn elẹ́kọ̀ọ́ àyànmọ́ fúnra wọn kò gbà bẹ́ẹ̀: títà tí àwọn ẹ̀gbọ́n Jósẹ́fù tà á wà nínú ètò Ọlọ́run, ẹ̀ṣẹ̀ ni ó sì jẹ́ síbẹ̀.

Àwọn tó ń sọ pé ohùn ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ohùn Ọlọ́run yóò tún bá ìṣòro pàdé nínú Ìwé Mímọ́ tí Cartwright ń wàásù láti inú rẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì béèrè ọba lọ́wọ́ Sámúẹ́lì, Ọlọ́run ní kí ó gbọ́ tiwọn, ó sì sọ nínú ọ̀rọ̀ kan náà pé òun ni wọ́n kọ̀. Ìgbà tí àwọn àpọ́sítélì fẹ́ yan ẹni tí yóò rọ́pò Júdásì, ìbò tí wọ́n ṣẹ́ ló bọ́ sọ́dọ̀ Mátíásì, tí kò bọ́ sọ́dọ̀ Jósẹ́fù tí wọ́n ń pè ní Básábà. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́kèké nìyẹn, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ yọ ìfẹ́ ènìyàn kúrò níbẹ̀ kí ó lè jẹ́ pé Ọlọ́run nìkan ni yóò pinnu. Nínú ìdìbò ti Illinois, ìfẹ́ ènìyàn ni gbogbo rẹ̀ dá lé.

A sì rí ohun tí ìfẹ́ náà dá lé. Ní 3 oṣù Kẹjọ, Lincoln ní ìbò 6,340, Cartwright ní 4,829, Walcott sì ní 249. Ẹkùn ìdìbò keje yìí ni ibi tí ẹsẹ̀ ẹgbẹ́ Whig ti múlẹ̀ jù ní Illinois. John Hardin ló wọlé níbẹ̀ fún wọn ní 1843, Edward Baker ní 1844. Oníwàásù yòówù tí ẹgbẹ́ Democrat ìbá fà kalẹ̀, òkè ńlá ló wà níwájú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ní ọdún 1848, lẹ́yìn tí Lincoln ti tako ogun tí Amẹ́ríkà bá Mẹ́síkò jà, ẹgbẹ́ Democrat gba ipò kan náà lọ́wọ́ Stephen Logan tí ẹgbẹ́ Whig fà kalẹ̀. Ẹni tó bá ka ìdìbò ọdún 1846 sí ìdájọ́ Ọlọ́run lórí Democrat ní láti ka ti 1848 sí ìdájọ́ rẹ̀ lórí Whig, láìsí pé ìgbàgbọ́ àwọn ará ẹkùn náà yí padà láàárín ọdún méjì.

Síbẹ̀, kò yẹ kí a gbé Lincoln ga jù lórí ọ̀rọ̀ yìí. Nínú ìwé ìléwọ́ kan náà, ó sọ pé òun pàápàá kò rò pé òun lè ti ẹni tí òun mọ̀ sí ọ̀tá àti ẹlẹ́gàn ẹ̀sìn lẹ́yìn fún ipò, nítorí pé, yàtọ̀ sí ohun tó wà láàárín ẹni náà àti Ẹlẹ́dàá rẹ̀, kò sí ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti bú ìmọ̀lára àwọn tí wọ́n jọ ń gbé. Ó pààlà sí àárín ohun tí ènìyàn gbà gbọ́ nínú ọkàn àti ohun tí ó ń fi ẹnu ṣe láàárín ìlú, ìwọ̀nba ìyẹn sì dára. Ṣùgbọ́n ó tún fún àwọn olùdìbò ní ìdí láti máa ṣọ́ ẹnu olùdíje lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn, èyí tí ó ń jẹ́ kí àwọn olóṣèlú kọ́ bí a ṣe ń dákẹ́ ju bí a ṣe ń gbàgbọ́ lọ. Òfin ọdún 1787 kò lè dé ibẹ̀, nítorí pé ìjọba ni ó dè, kò de olùdìbò.

Ó pẹ́ kí Lincoln tó tún fi ọwọ́ kan ọ̀rọ̀ àyànmọ́ lórí ìwé. Ní àárín ogun abẹ́lé, ó kọ àkọsílẹ̀ kúkúrú kan lórí ìfẹ́ Ọlọ́run, tí kì í ṣe fún ojú ẹlòmíràn, ó sì rò ó níbẹ̀ pé nínú ìjà ńlá, ìhà kọ̀ọ̀kan a máa sọ pé ìfẹ́ Ọlọ́run ni òun ń ṣe, ọ̀kan nínú wọn kò sì lè ṣàìṣìnà, ó tilẹ̀ lè jẹ́ pé ètò Ọlọ́run yàtọ̀ sí ti àwọn méjèèjì. Ní 4 oṣù Kẹta, ọdún 1865, ó sọ ohun tó sún mọ́ ọn ní gbangba nígbà tí ó ń búra fún ipò ààrẹ lẹ́ẹ̀kejì. Cartwright ti di ẹni ọdún 79 nígbà náà, ó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ alàgbà alábòójútó ní Illinois, nínú ìjọ tí kò tíì yí ẹ̀kọ́ rẹ̀ padà pé ohun tí Ọlọ́run bá nà sí ènìyàn, ènìyàn lè kọ̀ ọ́.