Ta Ni Ó Ni Ogún Àwọn Baba?

Ẹ̀yin ará, ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí a bi ara wa bí àkókò ìkórè ti ń súnmọ́lé: ohun tí àwọn baba wa fi sílẹ̀, ta ni ó ni ín? Ṣé ti ẹni tí a fi ṣe olùtọ́jú rẹ̀ ni, tàbí ti gbogbo ìlú? Bí ìlú bá bàjẹ́, tí a sì fẹ́ tún un kọ́, orí ìdáhùn ìbéèrè yìí ni a ó fi ìpìlẹ̀ lé.

Ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ilẹ̀ Áfíríkà ni ó ti ro ọ̀rọ̀ yìí nínú ìwé ìtàn wọn láti ìgbà tí àwọn orílẹ̀-èdè wa ti gba òmìnira. A kò tíì rí èyí tí ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n tó Arrow of God, tí a lè pè ní Ọfà Ọlọ́run, èyí tí Chinua Achebe tẹ̀ jáde ní ọdún 1964, ọdún mẹ́rin lẹ́yìn òmìnira Nàìjíríà. Ọmọ katikíìsì C.M.S. ni Achebe í ṣe. Ogidi ní ilẹ̀ Ìgbò ni ìlú baba rẹ̀, Ìbàdàn níhìn-ín ni ó sì ti ka ìwé gíga. Nítorí náà, ẹni tí ó mọ inú ilé ìjọ dunjú ni ó ń sọ̀rọ̀.

Ìtàn náà nìyí. Abúlé mẹ́fà wà tí olúkúlùkù ń dá òrìṣà tirẹ̀ sìn. Àwọn jagunjagun Abam a máa dé bá wọn ní òru, wọn a máa ti iná bọ ilé wọn, wọn a sì máa kó wọn lẹ́rú. Nígbà tí ìyà náà pọ̀ jù, àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pàdé pọ̀, wọ́n gbé òrìṣà kan kalẹ̀ fún gbogbo wọn, wọ́n pè é ní Ulu, wọ́n sì di ìlú kan ṣoṣo, Umuaro. Láti ìgbà náà, ọ̀tá kò ṣẹ́gun wọn mọ́. Kí a fi èyí sọ́kàn: ìmọ̀ràn àwọn ènìyàn ni ó gbé Ulu kalẹ̀, kí ẹ̀mí wọn má baà ṣòfò.

Ezeulu ni àwòrò Ulu nígbà tí ìjọba Òyìnbó dé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa jẹ ọ̀kan nínú iṣu mímọ́ ní oṣù titun kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ó bá sì ku ẹyọ kan, kí ó kéde àjọ̀dún iṣu titun. Kí a tó ṣe àjọ̀dún náà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wa iṣu oko rẹ̀. Ajẹ́lẹ̀ Òyìnbó fẹ́ fi Ezeulu jẹ olóyè ìjọba. Ó kọ̀, wọ́n sì tì í mọ́lé ní Okperi títí oṣù titun méjì fi yọ. Inú rẹ̀ korò sí àwọn ará ìlú rẹ̀, nítorí ó gbà pé wọ́n jọ̀wọ́ òun lọ́wọ́. Nígbà tí ó padà dé, iṣu oṣù méjì wà nílẹ̀ tí kò jẹ. Ó sì wí pé ọjọ́ kò tíì pé. Iṣu ń ṣòfò nínú ilẹ̀, ebi sì wọ ìlú. Àwọn àgbà mẹ́wàá lọ bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ iṣu tí ó kù, kí ẹ̀bi rẹ̀ wà lórí àwọn. Ó kọ̀.

Kí a má ṣe yára dá a lẹ́bi. Bí olùtọ́jú òfin bá ń yí òfin padà nígbàkígbà tí ara bá ni ènìyàn, kí ni yóò kù tí a ó máa pè ní òfin? Àwa tí a wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí mọ̀ bí ó ti rí. Nígbà púpọ̀ ni a ti wí fún ẹni tí ó wá bẹ̀ wá pé òfin kò gbà. Nígbà mìíràn òfin ni nítòótọ́. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ìbínú wa ni ó gbé aṣọ òfin wọ̀. Ezeulu pàápàá kò lè ya méjèèjì sọ́tọ̀.

Lójú tiwa, àwọn àgbà mẹ́wàá náà ni olùtọ́jú ogún ní tòótọ́. Ohun tí àwọn baba wọn ṣe rí ni wọ́n tún ṣe: wọ́n fi ìmọ̀ ṣọ̀kan, wọ́n sì fẹ́ fi orí ara wọn ru ewu kí ìlú lè yè. Àwòrò di ìlànà mú, ṣùgbọ́n ó gbàgbé ìdí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Olúwa wa rán àwọn Farisí létí Dáfídì, ẹni tí ó jẹ àkàrà ìfihàn nígbà tí ebi ń pa á.

Ṣùgbọ́n Ezeulu nìkan kọ́ ni ìtàn yìí bá wí. Ní àkókò ebi náà, Goodcountry, olùkọ́ ìjọ, kéde pé ẹni tí ó bá mú iṣu wá sí ìsìn ìkórè, Ọlọ́run yóò dáàbò bò ó lọ́wọ́ ìbínú Ulu. Obika ọmọ Ezeulu kú lójijì, orí bàbá náà sì dàrú. Àwọn ènìyàn rò pé Ulu ti dá wọn láre. Ọ̀pọ̀ nínú wọn rán ọmọkùnrin wọn lọ sí ilé ìjọ pẹ̀lú iṣu, wọ́n sì wa èyí tí ó kù lóko ní orúkọ ọmọ náà.

Ǹjẹ́ ó yẹ kí a yọ̀? Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ẹni tí ebi lé wọ ilé Ọlọ́run, a kò lè wí pé ìgbàgbọ́ ni ó mú un wá. Ọ̀já tí ó so abúlé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pọ̀ ti tú. Ilé ìjọ gba iṣu, ṣùgbọ́n a kò rí i kà pé ó bá wọn so òmíràn. Ó rọrùn láti jogún àwọn ènìyàn nígbà tí ilé wọn bá wó. Bíbá wọn tún ilé náà kọ́ ni iṣẹ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin àgbà ìjọ, nígbà tí a bá ń bá àwọn ọmọ wa sọ̀rọ̀ àṣà, kí a má ṣe wí fún wọn pé gbogbo ohun àtijọ́ ni kí wọ́n dì mú, tàbí pé gbogbo rẹ̀ ni kí wọ́n sọ nù. Kí a kọ́ wọn láti bèèrè ìdí tí àwọn baba fi dá a sílẹ̀. Àáró àti ọ̀wẹ̀ ni àwọn baba wa fi ń ro oko tí wọ́n sì fi ń kọ́lé fún ara wọn. Ọ̀wẹ̀ kan náà ni a fi gbé ògiri ilé ìsìn wa púpọ̀ ró. Ogún tí ó ṣì ń so ènìyàn pọ̀ ni èyí.

Nígbà tí a bá sì gbé iṣu wa wá síwájú pẹpẹ ní ìkórè tí ń bọ̀, kí a bojú wẹ̀yìn wò, bóyá ẹnì kan wà ní àdúgbò wa tí ebi ń pa, tí ó ń retí kí a wí fún un pé ọjọ́ pé.