Àbùkù Àtijọ́

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ó ha yẹ kí olóṣèlú fi ipò sílẹ̀ nítorí àbùkù ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ bí?

Ní ọdún 2019, a rí àwòrán tí ń fi ènìyàn dúdú ṣẹ̀sín ní ojú ewé Ralph Northam, gómìnà Virginia ní Amẹ́ríkà, nínú ìwé ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ ti 1984. Ó tọrọ àforíjì. Ní ọjọ́ kejì ó ní òun kọ́ ni. Ó dúró títí di 2022, ó sì fọwọ́ sí òfin tí ó fòpin sí ìdájọ́ ikú, èyí tí ó wúwo jù lórí ènìyàn dúdú.

Ọjọ́ pípẹ́ kò pa ẹ̀ṣẹ̀ rẹ́. Ẹni tí ó bá sọ òtítọ́, tí ó sì ṣe àtúnṣe, lè dúró. Àtúnṣe Northam dára. Ọ̀rọ̀ méjì ni kò dára.

Ẹ ṣọ́ra: ohun tí a bá ṣe lónìí, ọ̀rọ̀ ìtàn ni lọ́la.