Nígbà Tí Ẹ́ńjìnnì Kò Mu Ọ́ìlì Mọ́

Ohun tí gbogbo awakọ̀ ń bẹ̀rù ni kí ọ́ìlì máa lọ sílẹ̀ lórí gééjì. Ti ẹ̀gbọ́n wa kan tó ń wa míníkáàbù ní gúúsù ìlà-oòrùn London yàtọ̀. Ọ́ìlì tirẹ̀ ṣíwọ́ lílọ sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, inú ẹ̀gbọ́n sì dùn. Ayọ̀ yẹn ló gba ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ rẹ̀, díẹ̀ ló sì kù kó gba ẹ̀mí èèyàn márùn-ún mọ́ ọn.

Ọkọ̀ oníjókòó méje ni, dísẹ́ẹ̀lì, ẹ́ńjìnnì lítà 1.9 tó ní tọ́bò, ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí jíà rẹ̀. Ó ti rin 140,000 máìlì kí ẹ̀gbọ́n tó rà á. Lọ́dún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ó ti lé ní 210,000, ìyẹn ju 330,000 kìlómítà lọ. Ẹni tó bá gbé Thamesmead tàbí Woolwich rí mọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa. Òun ni wọ́n fi ń lọ pàdé ìyá àgbà tó gbé ẹ̀lùbọ́, ẹ̀gúsí àti ẹja gbígbẹ bọ̀ láti ilé. Òun náà ni wọ́n fi ń kó ẹbí lọ síbi ìgbéyàwó ní Birmingham àti Manchester. Ẹ̀gbọ́n kì í fi ọkọ̀ náà ṣeré. Láràárọ̀ Sátidé, á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, á fa gééjì yọ, á nù ún, á tì í bọ̀ ọ́, á tún fà á yọ, á wá gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka ìtàn yìí kó pè é ní aláìbìkítà.

Pé ọkọ̀ náà ń mu ọ́ìlì kì í ṣe àṣírí. Ẹ́ńjìnnì tó ti dàgbà tó bẹ́ẹ̀ á mu díẹ̀: ríìǹgì ara písítìnì ti jẹ, róbà ìdí fáàfù ti gan, ọ́ìlì sì ń gba ibẹ̀ bọ́ síbi tí iná ti ń jó. Àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ pàápàá gbà á láyè nínú ìwé wọn. Ọ̀pọ̀ ló ní bí ẹ́ńjìnnì bá mu ìdajì lítà nínú 1,000 kìlómítà, kò tíì kọjá àlà. Ti ẹ̀gbọ́n kò tó bẹ́ẹ̀. Lítà kan péré ló ń bù sí i láàárín nǹkan bí 2,000 máìlì, ike ọ́ìlì rẹ̀ kì í sì í kúrò ní búùtù.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a máa sọ pé dísẹ́ẹ̀lì kì í kú. Wọ́n á ní ẹ wo awakọ̀ takisí ará Gíríìsì nì, Gregorios Sachinidis, tí Mercedes 240D rẹ̀ rin 4.6 mílíọ̀nù kìlómítà kó tó fà á lé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Mercedes lọ́wọ́ ní 2004. Òótọ́ ni. Ohun tí wọn kì í fi kún un ni pé ọkùnrin náà pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì léraléra.

Nígbà òtútù ọdún yẹn, ẹnìkan ta oògùn ẹ́ńjìnnì kan fún ẹ̀gbọ́n, irú èyí tí wọ́n ń dà mọ́ ọ́ìlì, tí wọ́n ní yóò dí ibi tó ń jò. Ó dà á sí i. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, gééjì kò sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Ó pè mí lórí fóònù, ó ní, “Àbúrò, ọkọ̀ yìí ti rí ìwòsàn. Mi ò bu ọ́ìlì kankan sí i láti ìgbà tí ọdún ti yí.” Nígbà tó máa fi di oṣù kẹta, ọ́ìlì ti kọjá àmì òkè ní ìwọ̀n ìka kan. Ó rò pé òun ló bù ú jù nígbà kan, ó sì ń wà á lọ. Yorùbá ní ẹni tó bá fojú àná wòkú, ẹbọra á bọ́ ọ láṣọ. Ríìǹgì tó ti jẹ kì í hù padà. Bí ẹ́ńjìnnì tó ń mu ọ́ìlì bá ṣàdédé jáwọ́, nǹkan mìíràn ló ń wọlé láti dí àyè èyí tó ń jó lọ.

Àmì rẹ̀ kò sì fara sin. Ọkọ̀ náà ti ń pẹ́ kó tó ṣí láàárọ̀. Owó dísẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ń lé sí i, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà tó ń rìn kò yí padà. Ọ́ìlì tó yẹ kó rọ̀ mọ́ ẹnu gééjì ń ro bí omi. Ìkọ̀ọ̀kan ni ẹ̀gbọ́n ń rí wọn, ó sì ní àlàyé fún ìkọ̀ọ̀kan: òtútù ni, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ni, ọ́ìlì tuntun ni.

Ó ń gbé tọkọtaya kan, ìyá ọkọ àti ọmọ wọn kan lọ sí pápákọ̀ òfurufú Gatwick lọ́jọ́ tí nǹkan bàjẹ́. Wọ́n wà lórí ọ̀nà márosẹ̀ M25, wọ́n ti kọjá Sevenoaks, wọ́n ń gun òkè, nígbà tó rí i pé ọkọ̀ ń sáré sí i lẹ́yìn tóun ti gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí iná. Ó tẹ kílọ́ọ̀ṣì. Ẹ́ńjìnnì ké. Èéfín funfun tó ní àwọ̀ aró bo gbogbo ẹ̀yìn ọkọ̀ débi pé kò rí mọ́tò kan nínú dígí mọ́. Ó yà sí etí ọ̀nà, ó fa jíà sí òfo, ó dúró, ó yí kọ́kọ́rọ́ láti pa á. Kò kú. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ náà sọ́wọ́, ẹ́ńjìnnì sì ń bú ramúramù lọ. Ohun tó ṣe lẹ́yìn ìyẹn ni mo fi ń yìn ín títí dòní: kò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kò ro ti ẹrù, ó kó gbogbo wọn bọ́ sílẹ̀, ó gbé màmá náà kọjá irin ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí ohun kan fi bẹ́, tí ọ́ìlì tú sílẹ̀, tí gbogbo rẹ̀ sì dákẹ́. Rọ́ọ̀dì písítìnì ti la ara ẹ́ńjìnnì já.

Dísẹ́ẹ̀lì kò ní púlọ́ọ̀gì tó ń tanná bíi ti bẹntiróòlù. Láti ìgbà tí ẹ́ńjìnnì Rudolf Diesel ti yege ní Augsburg ní Jámánì ní 1897, ọgbọ́n kan náà ni: kí a fún atẹ́gùn mọ́ra títí yóò fi gbóná ju 500°C lọ, kí epo tó bá bá a níbẹ̀ gbiná fúnra rẹ̀. Ọ́ìlì náà lè gbiná níbẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ kò sì lágbára ju kó dá dísẹ́ẹ̀lì tí nọ́sù ń fọ́n dúró. Nígbà tí ọ́ìlì kún àkúnjù, kíráǹkì ń lù ú, ó ń di kúrúkúrú, ó ń gba ihò èémí ẹ́ńjìnnì wọ ọ̀nà atẹ́gùn. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti rí i jẹ, á sáré sí i, bó bá sì ti sáré ni yóò túbọ̀ máa fà á.

Mẹkáníìkì tó tú u, ọmọ Iléṣà kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lábẹ́ afárá rélùwéè, kò pẹ́ rárá kó tó rí ìdí rẹ̀. Ó tú fílítà, ó ro ẹ̀kán ọ́ìlì kan sórí bébà funfun, ó ní ká dúró wò ó. Àárín rẹ̀ dúdú kirikiri, ṣùgbọ́n òrùka kan tó mọ́lẹ̀ ń tàn kálẹ̀ yí i ká, ó ń fẹ̀ sí i lójú wa. Ó gbé e sí mi nímú: dísẹ́ẹ̀lì ni. Nínú irú ẹ́ńjìnnì yìí, inú orí ẹ́ńjìnnì gan-an ni dísẹ́ẹ̀lì ń gbà dé ọ̀dọ̀ nọ́sù, nọ́sù sì wà lábẹ́ ìdérí kan náà pẹ̀lú ọ́ìlì. Róbà tó yí nọ́sù kan ká ti jẹ, dísẹ́ẹ̀lì ń jò lọ tààrà sínú sọ́ǹpù tí ọ́ìlì wà. Ó fi bíárìǹgì hàn wá, ó ti ha, nítorí ọ́ìlì tí dísẹ́ẹ̀lì ti là kò lè gbé irin dúró mọ́. Ó fi ìdérí kékeré kan tó yẹ kó dí atẹ́gùn nígbà tí a bá pa ọkọ̀ hàn wá náà. Èédú ti mú un pinpin.

Ọ̀kan nínú wa bèèrè ohun tí ẹ̀gbọ́n ì bá ti ṣe. Mẹkáníìkì ní bó bá jẹ́ ọkọ̀ ọlọ́wọ́, kó tó sún lójú kan, kí awakọ̀ kì í bọ jíà tó ga jù, kó tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ pátápátá, kó sì tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì lè kú. Ọkọ̀ tó ń yí jíà fúnra rẹ̀ kò gba irú rẹ̀. Ká sá ni. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má gbé ọwọ́ tàbí aṣọ dí ẹnu ibi tó ń fa atẹ́gùn, nítorí yóò fà á wọlé.

Ìnṣọ́ránsì kò san kọ́bọ̀, torí wọn kì í san owó ohun tó gbó. Owó àwọn róbà nọ́sù náà kò tó owó dísẹ́ẹ̀lì tí ẹ̀gbọ́n ń rà lọ́sẹ̀ kan.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, àwọn awakọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ to ọkọ̀ wọn síwájú ṣọ́ọ̀bù, mẹkáníìkì sì ń fa gééjì wọn yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń gbóòórùn rẹ̀. Gééjì ọkọ̀ kan ti kọjá àmì òkè. Olówó rẹ̀ ní oṣù méjì rèé tóun kò ti bu ọ́ìlì sí i. Ó fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ fún mẹkáníìkì, ó sì wọ bọ́ọ̀sì relé.