Ta Ló Ni Pápá: Ọmọ Tàbí Ajá?

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ bá mi dá sí i. Ní 1979, ìlú Berkeley ní Amẹ́ríkà sọgbà yí ilẹ̀ ìlú kan ká, kí ajá lè máa sáré níbẹ̀ láìsí okùn lọ́rùn. Bí a bá rí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní Ẹgàn wa níhìn-ín, ṣé ó tọ́ ká fún ajá?

Ẹlòmíì á ní, "Háà! Ọmọ ń gbá bọ́ọ̀lù lójú títì, ẹ ń wá pápá fún ajá!" Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ajá tí a kò sé mọ́, ọmọ yẹn náà ni yóò bù jẹ. Bí àrùn dìgbòlugi bá sì ti hàn lára èèyàn, ikú ló sábà ń já sí.

Lójú tèmi, ọmọ ló kọ́kọ́ ni ilẹ̀ ìlú. Ẹni tó ra ajá ni kó sé e mọ́lé, kó sì fún un lábẹ́rẹ́. Ajá ní olówó tirẹ̀. Ọmọ àdúgbò, gbogbo wa la ni ín.