Ọ̀wẹ̀ Ni Iṣẹ́ Ìjọ, Tàbí Àáró?

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Àjèjé ọwọ́ kan kò sì gbé ẹrù dé orí. Kò sí ìjọ Kristi kan ní ilẹ̀ Yorùbá tí a kì í ti í pa òwe méjèèjì yìí nígbà ìkórè. Síbẹ̀, bí ìkórè bá ti kọjá, orí àwọn mẹ́ta tàbí mẹ́rin kan náà ni ẹrù ìjọ máa ń padà sí. Kí ni ó fà á tí ohun tí gbogbo ẹnu gbà fi ń ṣòro fún ọwọ́ láti ṣe?

Oko àwọn baba ńlá Yorùbá lè là wá lójú. Bí ẹnìkan bá fẹ́ kọ́lé, a máa bẹ ọ̀wẹ̀: ẹbí, ọ̀rẹ́ àti àna yóò wá bá a ṣe é, yóò pèsè oúnjẹ àti ẹmu, bí ilẹ̀ bá ṣú, olúkúlùkù yóò gba ilé rẹ̀ lọ. Àáró yàtọ̀ sí èyí. Àwọn ẹgbẹ́ yóò kọ ebè ní oko lágbájá lónìí, wọn yóò kọ ọ́ ní ti làkáṣègbè lọ́la, títí yóò fi kárí. Nínú ọ̀wẹ̀, ẹnìkan ni ó ni iṣẹ́, àwọn ìyókù ṣe é lóore ni. Nínú àáró, kò sí olóore; gbèsè tí wọ́n jẹ ara wọn ni wọ́n ń san.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ìjọ ti ṣìnà nìyí: wọ́n sọ iṣẹ́ ìjọ di ọ̀wẹ̀ àlùfáà. Bí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì bá ń jò, wọn a bi í pé, ‘Kí ni ẹ fẹ́ ṣe sí i?’ Wọn kì í wí pé, ‘Kí ni a ó ṣe sí i?’

Orí kẹfà ìwé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì fi hàn pé ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Àwọn Júù tí ń sọ èdè Gíríìkì ní Jerúsálẹ́mù kùn pé a ń gbójú fo àwọn opó wọn nígbà pípín oúnjẹ ojoojúmọ́. Àwọn àpọ́sítélì kò dá iṣẹ́ náà gbé, wọn kò sì dá yan ẹni tí yóò ṣe é. Ìjọ ni wọ́n ní kí ó yan ọkùnrin méje. Orúkọ Gíríìkì ni àwọn méjèèje ń jẹ́, láti orí Stéfánù títí dé orí Níkólà. Ó jọ pé ọwọ́ àwọn tí ó ń kùn gan-an ni a fi iṣẹ́ náà lé.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí kò ní àṣẹ nínú kì í ṣe àjùmọ̀ṣe. Henry Venn, akọ̀wé ẹgbẹ́ ajíhìnrere C.M.S. láti 1841 títí di 1872, kọ́ni pé kí ìjọ Áfíríkà máa bọ́ ara rẹ̀, kí ó máa ṣàkóso ara rẹ̀, kí ó sì máa tan ìhìnrere fúnra rẹ̀. Èyí tí ó wà láàárín ni ó ṣòro jù fún ọ̀pọ̀ òyìnbó láti yọ̀ǹda. Abájọ tí àwọn kan fi dá Native Baptist Church sílẹ̀ ní Èkó ní 1888, tí àwọn mìíràn sì dá United Native African Church sílẹ̀ ní 1891.

Ẹnìkan lè wí pé bí iṣẹ́ bá di ti gbogbo ènìyàn, kò ní sí ẹni tí yóò ṣe é. Òótọ́ ni, bí a bá fi í sílẹ̀ láìpín. Nínú àáró, a mọ oko tí ó kàn, a mọ ẹni tí ó wá àti ẹni tí kò wá. Bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí iṣẹ́ ìjọ ní orúkọ lára, kí a sì máa ka ìṣirò owó sí etígbọ̀ọ́ gbogbo ìjọ. Kò pọn dandan kí ìpín dọ́gba: ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè.

Ibì kan ni ìjọ ti gbọ́dọ̀ ju àáró lọ. Ẹni tí kò lágbára kọ́ ni a ń bá dá àáró, nítorí kò ní lè san án padà. Àwọn opó Jerúsálẹ́mù kò ní ohun tí wọn yóò fi san, síbẹ̀ nítorí tiwọn ni a ṣe yan àwọn méje. Ìjọ tí ó bá mọ èyí kò ní dúró de ẹ̀bẹ̀ àlùfáà kí ó tó gbé àkàbà lọ sí ìdí òrùlé.