Ẹ̀sọ̀ Lórí Omi Tó Ń Ru

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́; ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Mi ò mọ ibi tí òwe yìí ti fojú hàn tó orí odò Middle Fork ti Salmon, ní ìpínlẹ̀ Idaho nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Nǹkan bí 100 máìlì ni odò náà fi ń ṣàn láàárín òkè kó tó bọ́ sínú odò Salmon gan-an. Àpáta kún inú rẹ̀, omi ń ru, ó ń hó funfun. Lórí omi bẹ́ẹ̀ ni àwọn èèyàn ti ń wọ ọkọ̀ rọ́bà lọ dẹ ẹja trout. Kì í ṣe ekòló ni wọ́n fi ń dẹ ẹ́, bí kò ṣe kòkòrò àtọwọ́ṣe: ìyẹ́ àti irun ẹran tí a fi òwú dì mọ́ ìwọ̀. Ẹni tó bá kó ipá wọ iṣẹ́ yìí, ọwọ́ òfo ni yóò bá délé.

Atukọ̀ ló yẹ ká kọ́kọ́ kí, nítorí òun gan-an ló ń pẹja. Kòkòrò àtọwọ́ṣe gbọ́dọ̀ máa lọ bí omi ṣe ń gbé kòkòrò gidi lọ. Bí okùn bá fi lè fà á díẹ̀ báyìí, ẹja ti mọ̀, kò ní fẹnu kàn án. Bẹ́ẹ̀, omi àárín odò yára ju ti etí bèbè lọ, etí bèbè sì ni ẹja wà. Bí ọkọ̀ bá bá omi àárín lọ, yóò fa okùn dání. Nítorí náà ni atukọ̀ ṣe ń kọjú sí ìsàlẹ̀ odò, tó sì ń fa àjẹ̀ rẹ̀ padà sí òkè odò, kí ọkọ̀ lè máa rọra lọ. Nathaniel Galloway, ọdẹ ará Utah tó ń fi pàkúté mú ẹran, ló sọ ọ̀nà yìí di mímọ̀ láàárín àwọn ọdún 1890. Ṣáájú rẹ̀, ọ̀pọ̀ a máa kẹ̀yìn sí ibi tí wọ́n ń lọ, wọn a sì máa wa ọkọ̀ kíkankíkan kí wọ́n lè yára ju omi lọ. Ní 1909, òun àti Julius Stone fi ọ̀nà tirẹ̀ yìí la Grand Canyon já. Kí ojú máa wo ewu, kí apá máa fà sẹ́yìn kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀: èmi ò tíì rí ọgbọ́n omi tó ju èyí lọ.

Trout náà kì í fi agbára rẹ̀ ṣòfò. Ẹ̀yìn àpáta ló máa ń sá sí, níbi tí omi títòrò ti fara kan omi yíyára, kí oúnjẹ lè máa kọjá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Apẹja gbọ́dọ̀ ti ju okùn síbẹ̀ kí ọkọ̀ tó débẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ààyè rẹ̀. Àpáta tí ọkọ̀ bá ti kọjá, kí ó fi í sílẹ̀. Kò dára kéèyàn yí padà máa ju ìwọ̀ gba orí atukọ̀. Ẹni tó wà níwájú kò sì gbọdọ̀ gba ibi tó yẹ ẹni ẹ̀yìn mọ́ ọn lọ́wọ́. Bí atukọ̀ bá ní kí wọ́n ká okùn, kí gbogbo wọn ká a, kí wọ́n jókòó, bí ẹja tilẹ̀ ń fò sókè lójú wọn. Òmùwẹ̀ ní í bómi lọ. Àwọn tó mọ odò yìí jù kì í bọ́ ẹ̀wù ìléfòó.

Ẹnìkan lè béèrè pé: ẹja tí wọ́n ń dá padà sómi, tí wọn kò ní jẹ, kí ni wọ́n ń dẹ ẹ́ sí? Cutthroat ni trout tó pọ̀ jù níbẹ̀, ó ní ilà pupa lábẹ́ àgbọ̀n, kò sì ṣòroó mú. Ìyẹn ló fà á tó fi ń tán lọ nígbà kan. Láti àwọn ọdún 1970 ni òfin ti sọ pé kí a dá a padà sómi, kí ìwọ̀ má sì ní ẹ̀gún. Láti ìgbà náà ló ti pọ̀ sí i, tó sì tóbi sí i. Ṣùgbọ́n dídá ẹja padà nìkan kò tó. Ọwọ́ gbígbẹ a máa bó ohun yíyọ̀ ara rẹ̀ tó ń dáàbò bò ó, nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ fi omi rin ọwọ́. Ẹ má gbé e kúrò nínú omi, ẹ kọ orí rẹ̀ sí òkè odò títí yóò fi fúnra rẹ̀ lọ. Bí omi bá sì gbóná kọjá 20°C, ẹ ká okùn yín, nítorí afẹ́fẹ́ inú omi gbígbóná kéré, ẹja tó ti jà lè kú lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi í sílẹ̀. Ẹni tó mọ èyí tó ṣì ń dẹ̀wọ̀, ìkà ló ń ṣe.

Odò náà wà lára odò mẹ́jọ àkọ́kọ́ tí òfin Amẹ́ríkà dáàbò bò ní 1968. Ohun gbogbo tí èèyàn bá gbé wọ ibẹ̀ ló gbọ́dọ̀ gbé jáde, títí kan eérú iná àti ìgbẹ́ ara rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ wà lọ́hùn-ún, bí ẹ bá fẹ́ lọ, láti ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá sí ọjọ́ 31 oṣù Kìíní ni wọ́n ń gba orúkọ fún tẹ́tẹ́ oríire tí wọ́n fi ń pín ìwé àṣẹ láti wakọ̀ lórí odò náà. Bí ẹ kò bá tíì tukọ̀ lórí omi bẹ́ẹ̀ rí, ẹ sanwó fún atukọ̀ tó mọ̀ ọ́n, kí ẹ sì gbọ́ràn sí i lẹ́nu.